Awẹ́ Márùn-ún

Obì ni bàbá bàbá mi ń tà ní Ṣágámù kó tó ta àwo orin,
Jọ̀nátánì Odùgbẹ̀san, ará Màkún,
ẹni tí í fi ewé wé obì bí ẹní wé ọmọ tuntun
kí ọkọ̀ Sábó tó gbé e lọ sí Òkè Ọya.
Ọdún tí kòkòrò wọ agbọ̀n mẹ́tàdínlógún
ló jókòó sórí àpótí, ó ní:
"Ohun tí kòkòrò ò lè jẹ ni n ó máa tà báyìí."

Ó ra ẹ̀rọ àlòkù lọ́wọ́ Kòráà kan l'Ápápá.
Àwo tó ti ya, àwo tí kò tà, kílò ló fi ń rà wọ́n,
ó ń yọ́ wọn, ó ń tún wọn tẹ̀.
Ìdí nìyẹn tí tiẹ̀ fi ń ta ṣẹ̀rẹ̀ṣẹ̀rẹ̀ bí epo gbígbóná
kí olórin tó lanu.
Àwọn tó ń ta àwo gidi n'Íjẹ̀bú-Òde ní:
"Àwo Odùgbẹ̀san! Ra ọ̀kan, kí o fi dín dòdò."
Ṣùgbọ́n sílè mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni tiẹ̀.
Lébìrà ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì á ra ọ̀kan lọ́jọ́ owó oṣù,
bẹ́ẹ̀ àpò sìmẹ́ǹtì náà la fi rán ẹ̀wù fún àwo:
èmi ni mò ń fi ẹ̀kọ gbígbóná lẹ etí rẹ̀.

Obì àbàtà ló ní kí wọ́n yà sáàárín,
awẹ́ mẹ́rin, bó ti yẹ.
Kàmórù atẹ̀wé, tí ojú ń dùn, ya márùn-ún.
Ẹgbàafà bébà ti gbẹ ká tó rántí kà á.
Bàbá àgbà wò ó títí.
"Ẹni tó sanwó mẹ́rin, tó gba márùn-ún,
ṣé yóò pè mí lẹ́jọ́?"

Àwo mọ́kànlélógójì ló tẹ̀ kó tó ṣíwọ́.
Nínú ìkeje, akọrin kan n'Íkẹ́nnẹ́ húkọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin.
Ìkọkàndínlógún, Sífáwù oníwákà:
inú kíláàsì kan n'Íperu la ti gbà á sílẹ̀.
Adìẹ wọlé, ó yé sábẹ́ tábìlì, ó figbe ta.
Sífáwù ò dúró. Ó fi orin kí i: "O kú ewu ọmọ,"
ó sì ń bá wákà rẹ̀ lọ.
Kò sówó téèpù mìíràn. Bẹ́ẹ̀ la ṣe tẹ̀ ẹ́,
ọ̀ọ́dúnrún péré.

Kásẹ́ẹ̀tì dé.
Bàbá àgbà kú, ó ku owó iná nílẹ̀.
A fi àwo dé ìkòkò omi, a fi fẹ́ná.
Màmá mi tẹ ọ̀kan bọ omi híhó, ó ká etí rẹ̀ sókè,
àwo sì di àwo,
èyí tí a ń kó obì àlejò sí.

Àfi bí àwọn kan ṣe ń ti òkèèrè dé.
Ọ̀kan láti Jámánì, ọ̀kan láti Jàpáànù,
ọmọ Ìlíṣàn kan tó ń gbé Lọ́ńdọ̀nù.
Tí wọ́n bá rí awẹ́ mẹ́rin, wọ́n á tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́: àtúntẹ̀.
Àṣìṣe ojú Kàmórù ni wọ́n ń wá kiri,
àti ariwo epo gbígbóná yẹn.

Oṣù tó kọjá, ará Jàpáànù pe owó mọ́tò tòkunbọ̀
lórí Sífáwù àti adìẹ rẹ̀.
Mo ní kò sí mọ́. Mo gbé obì síwájú rẹ̀, mo lọ bu omi.
Nígbà tí mo padà, obì ti wà lórí tábìlì lọ́kọ̀ọ̀kan,
ó ti da àwo dojú dé,
ó ń fi ìka ka ìdí rẹ̀, níbi tí pupa ti ṣá:
ọ̀kan, méjì, mẹ́ta, mẹ́rin.
Ìka rẹ̀ dúró.

Ìlà orin ṣì yí i ká, ó ń gun etí àwo lọ,
Sífáwù wà níbẹ̀, adìẹ wà níbẹ̀,
kò sí abẹ́rẹ́ tó lè gun òkè náà.
Ó bi mí pé èló.
Mo ní, "Kí ni n ó wá máa kó obì sí?"
Ó rẹ́rìn-ín.
Èmi ò rẹ́rìn-ín. Ìbéèrè ni mo bi í.